Nígbà Wo Ni Kí Agogo Dún?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ẹgbẹ́ ìwé kíkà sọ ní ìhà àríwá Èkìtì

 

Ẹ ti mọ a, b, d. Ẹ ti mọ 1, 2, 3. Ẹ lè kọ orúkọ yín báyìí láìtẹ ìka. Àwọn kan nínú yín sì ti bi wá pé, "Lẹ́yìn orúkọ kíkọ, kí ló kù tí a ó fi ìwé ṣe?" Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀rọ̀ tòní ni ìdáhùn rẹ̀. A fẹ́ sọ fún yín bí nọ́ńbà tí ènìyàn kọ sínú ìwé ṣe lè gba ọmọ aládùúgbò là, bí a bá ti mọ iye tí nọ́ńbà náà yóò dé kí a tó kígbe.

Ọ̀rọ̀ náà kò le. Ẹ fara balẹ̀, kí ẹ máa bá wa bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

KÍ NI ÌLÀ ÌKÌLỌ̀?

Ẹ wo dúrọ́ọ̀mù omi tó wà lẹ́yìn ilé. Ìyá tó mọ ilé tọ́jú kì í dúró kí omi tán pátápátá kó tó rán ọmọ lọ sódò. Ó ti mọ ibì kan nínú dúrọ́ọ̀mù náà. Bí omi bá ti fà dé ibẹ̀, á ní, "Ẹ gbé garawa o." Kò sẹ́ni tí yóò bá a jiyàn. Ibi tó mọ̀ yẹn ni a ń pè ní ìlà ìkìlọ̀. Bí omi bá wà lókè ìlà, kí ọkàn wa balẹ̀. Bí omi bá dé ìlà, kí a dìde.

Ẹ tún wo àwọn nọ́ọ̀sì tí ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́. Wọ́n ní okùn pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi ń wọn apá ọmọ, láti ọmọ oṣù 6 títí dé ọmọ ọdún 5. Àwọ̀ mẹ́ta ló wà lára okùn náà. Bí ìwọ̀n apá ọmọ bá tó sẹ̀ǹtímítà 12 àti ààbọ̀, ó bọ́ sí àwọ̀ ewé, kò séwu. Bí kò bá tó 12 àti ààbọ̀, ó bọ́ sí yẹ́lò; oúnjẹ ọmọ náà kò tó. Bí kò bá tó 11 àti ààbọ̀, ó bọ́ sí pupa. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú kíákíá. Nọ́ọ̀sì kò ní máa rò ó pé, "Ṣé ó rù ni, àbí bí wọ́n ṣe bí i nìyí?" Okùn ti sọ ọ́.

Ṣé ẹ rí i? Ohun tí ìlà ìkìlọ̀ ń ṣe fún wa ni pé a ti jókòó, a ti ronú nígbà tí ara tutù, kí ìjayà tó dé. Nígbà tí ọ̀ràn bá wá dé, a kò ní máa jiyàn mọ́. Àwọn àgbà ní, ogun àwítẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìlà ìkìlọ̀ ni àwítẹ́lẹ̀ tí a ń wí.

BÍ ÌRÒYÌN ÀRÙN ṢE Ń RÌN

Ní 1998, àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tó wà nínú Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹnu kò pé kí ìṣọ́ tí a ń ṣọ́ àwọn àrùn di ọ̀kan ṣoṣo. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tó ń ṣọ́ àrùn kan kì í sábà mọ ohun tí ẹni tó ń ṣọ́ èkejì ń ṣe. Nàìjíríà gba ètò náà. Bó ṣe ń rìn nìyí:

Ẹni tó bá rí àìsàn tó ṣàjèjì ládùúgbò á sọ fún ilé ìlera tó sún mọ́ ọn. Ilé ìlera á kọ ọ́ sílẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe Ìkọ̀lé, ìbáà ṣe Ọyẹ́, ìbáà ṣe Ìdó-Ọ̀sì, ní òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti ṣọ́ àrùn. DSNO ni àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń pè é. Òun ló ń kó ìwé jọ láti gbogbo ilé ìlera. Láti ọwọ́ rẹ̀, ìròyìn á dé Adó-Èkìtì. Láti Adó, á dé ọ̀dọ̀ NCDC ní Àbújá, àwọn tí ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ dídènà àrùn lé lọ́wọ́.

Oríṣi ìròyìn mẹ́ta ló wà. Èkíní ni ti ojú ẹsẹ̀: àrùn tí kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú láìròyìn. Èkejì ni ti ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ti oṣooṣù.

Láyé àtijọ́ ìwé nìkan ni. Ẹni tó gun ọ̀kadà ló ń gbé e. Lónìí, fóònù àti kọ̀ǹpútà wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ á tẹ nọ́ńbà sí i. Kọ̀ǹpútà á tò ó, á yà á bí òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀, á sì fa ìlà ìkìlọ̀ sí i. Bí iye aláìsàn bá kọjá ìlà náà, kọ̀ǹpútà á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àwọn tó yẹ kó gbọ́. Agogo ti dún nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: kọ̀ǹpútà kò gbọ́n. Akéde ni. Akéde kì í dá ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí ọba bá ní kó wí ló ń wí. Àwa ènìyàn ni a ó sọ fún un pé, "Bí o bá rí iye báyìí, lu agogo." Bí a bá sọ iye tí kò dára fún un, iṣẹ́ tí kò dára ló máa jẹ́.

ÀRÙN MÌÍRÀN, Ẹnì KAN ṢOṢO TI TÓ

Iye wo wá ni kí á sọ? Kì í ṣe iye kan náà fún gbogbo àrùn. Àrùn kan wà tí ẹnì kan ṣoṣo ti tó láti lu agogo.

Ibà Lásà jẹ́ ọ̀kan. Ní 1969 ni a kọ́kọ́ dá a mọ̀, ní ìlú Lásà ní ilẹ̀ Borno. Ibẹ̀ ló ti gba orúkọ. Eku kan tó máa ń wọlé wọ oko ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lára gààrí tàbí oúnjẹ tí a kò bò ló ń kó o ran ènìyàn. Ènìyàn tó ní in sì lè kó o ran ẹlòmíràn. Ìpínlẹ̀ Oǹdó tó bá wa pààlà wà lára àwọn ibi tí àrùn yìí ti ń jà jù ní Nàìjíríà. Ọkọ̀ ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀ láàrin Ọ̀wọ̀ àti Èkìtì lójoojúmọ́. Nítorí náà, bí a bá fura sí ẹnì kan, agogo gbọ́dọ̀ dún. Oògùn wà fún un, ṣùgbọ́n ìgbà tí a bá tètè bẹ̀rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ọjọ́ mẹ́ta tí a bá fi ń pe ibà Lásà ní ibà lásán lè jẹ́ ikú ọ̀gá ilé, kó sì jẹ́ ikú nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú.

Onígbáméjì náà rí bẹ́ẹ̀. Rọpárọsẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀: bí ẹsẹ̀ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 bá ṣàdédé rọ, ọmọ kan náà ti tó. A kì í dúró de èkejì. Wọ́n á gba ìgbẹ́ ọmọ náà lẹ́ẹ̀mejì kí ọjọ́ 14 tó pé láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ti rọ, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá rọpárọsẹ̀ ni tàbí òmíràn.

Ẹ rántí ọ̀rọ̀ Ẹ̀bólà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2014, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Patrick Sawyer fi ọkọ̀ òfuurufú wọ Èkó láti Làìbéríà pẹ̀lú àìsàn lára. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh fura pé Ẹ̀bólà lè wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ, dókítà yìí kọ̀. Aláìsàn kan ṣoṣo ni o! Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé fún àrùn yìí, ọ̀kan ni ìlà. Agogo dún. Wọ́n wá gbogbo ẹni tó ti fara kan àwọn aláìsàn kàn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 900, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan fún ọjọ́ 21. Ènìyàn 20 ni àrùn náà mú ní gbogbo Nàìjíríà, 8 kú. Dókítà Adadevoh fúnra rẹ̀ wà lára wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2014, a kéde pé Ẹ̀bólà ti tán nílẹ̀ wa. Ẹ ro bí Èkó ṣe pọ̀ tó. Ká ní wọ́n dúró di ìgbà tí ènìyàn 10 bá dùbúlẹ̀ kí wọ́n tó kígbe ńkọ́?

Lẹ́yìn ọ̀ràn yẹn ni àwọn onímọ̀ láti Jámánì àti àwọn ọmọ Nàìjíríà jọ ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní SORMAS, tí òṣìṣẹ́ lè fi fóònù ròyìn aláìsàn láti abúlé. Ní 2017, NCDC bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

ÀRÙN MÌÍRÀN, A GBỌ́DỌ̀ KÀ Á KÍ A SÌ FI WÉ ÀTẸ̀YÌNWÁ

Ibà ẹ̀fọn ńkọ́? Bí a bá ní kí agogo dún nítorí ẹnì kan tí ibà mú ní Ìkọ̀lé, agogo kò ní sinmi láé. Ibà wà níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ó tún máa ń pọ̀ nígbà òjò. Kí a tó mọ̀ pé ó pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, a gbọ́dọ̀ mọ iye tó ti máa ń jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ mú pẹ́ńsùlù yín. Ká ní ilé ìlera kan fẹ́ mọ ìlà ìkìlọ̀ ti oṣù Kẹfà. Á wo ìwé oṣù Kẹfà ti ọdún 5 sẹ́yìn. Àpẹẹrẹ la ń fi èyí ṣe o. Ká ní ohun tó bá níbẹ̀ ni:

40, 52, 47, 61, 55.

Ẹ tò wọ́n láti kékeré sí ńlá:

40, 47, 52, 55, 61.

Èyí tó wà láàrin gbùngbùn ni 52. Iye tí a máa ń rí nìyẹn nígbà tí kò séwu. Èyí tó ṣe ìkẹrin ni 55. Òun ni ìlà ìkìlọ̀. Bí oṣù Kẹfà ọdún yìí bá mú 50 wá, kò sí ariwo. Bó bá mú 58 wá, ó ti kọjá ìlà. Ẹ jẹ́ kí a lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Bóyá omi dúró sójú kan tí ẹ̀fọn ń yé sí. Bóyá oògùn tí wọ́n ń tà kò dára. Bóyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọyẹ́ àti Ìkọ̀lé ló wọlé, tí ènìyàn kàn pọ̀ sí i. Agogo kò sọ ìdí. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ wá wò ó."

Ṣé ẹ rí i pé kò ju kíkà àti títò lọ? Ẹni tó bá mọ 1 dé 100 lè ṣe é. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń ṣe náà nìyẹn. Ó kàn yára ju wa lọ ni.

Ohun mìíràn tún wà: ìlú kò tóbi bákan náà. Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ti àrùn yírunyírun, èyí tó máa ń jà ní ìhà Òkè Ọya nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ènìyàn bá tó 100,000 níbì kan, aláìsàn 3 lọ́sẹ̀ kan ni ìlà ìkìlọ̀. Bó bá di 10 lọ́sẹ̀ kan, àjàkálẹ̀ ti dé. Ṣùgbọ́n níbi tí ènìyàn kò bá tó 30,000, aláìsàn 2 lọ́sẹ̀ kan ti tó fún ìkìlọ̀, 5 sì jẹ́ àjàkálẹ̀. Nítorí náà, aláìsàn 6 ní ìlú ńlá tó ní ènìyàn 100,000 jẹ́ ìkìlọ̀. Aláìsàn 6 kan náà ní ìlú kékeré tó ní 20,000 jẹ́ àjàkálẹ̀. Nọ́ńbà kan náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ sì ṣàkíyèsí pé ìlà méjì ló wà níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan. Èkíní ní, "Ẹ la ojú." Èkejì ní, "Ẹ gbéra." Ó dára bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà tí ajá bá gbó ni a ń yọ àdá, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a yọjú lójú fèrèsé.

BÍ ÌLÀ BÁ KÉRÉ JÙ, BÍ ÌLÀ BÁ GA JÙ

Ibí yìí ni iṣẹ́ gan-an wà. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀.

Bí ìlà bá kéré jù, agogo á máa dún ṣáá. Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo ènìyàn á sáré jáde. Lọ́jọ́ kejì, ìdajì á jáde. Lọ́jọ́ kẹwàá, wọ́n á ní, "Ẹ jẹ́ kó máa dún, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Òṣìṣẹ́ á pa ohùn fóònù rẹ̀. Lọ́jọ́ kọkànlá, àrùn gidi á wọlé, kò sì ní sẹ́ni tó máa dìde. Agogo tí ń dún nígbà gbogbo àti agogo tí kò dún rárá, ọmọ ìyá ni wọ́n.

Bí ìlà bá ga jù ńkọ́? Agogo á dákẹ́ títí òkú á fi sùn. Ìgbà tó bá dún, kì í ṣe ìkìlọ̀ mọ́. Ìròyìn ikú ni.

Báwo ni a ó ṣe mọ èyí tó tọ́? Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì. Èkíní: bí agogo bá dún lásán, kí ni a ó pàdánù? Ọ̀nà tí a rìn, epo ọ̀kadà, ọjọ́ iṣẹ́ kan. Èkejì: bí agogo kò bá dún nígbà tó yẹ, kí ni a ó pàdánù? Bí ìdáhùn èkejì bá jẹ́ ẹ̀mí ènìyàn púpọ̀, ẹ jẹ́ kí ìlà wálẹ̀. Kí a fara mọ́ rírìn lásán. Nítorí èyí ni ìlà ibà Lásà fi jẹ́ 1. Bí ó bá jẹ́ àìsàn tó wọ́pọ̀ tí a ní oògùn rẹ̀ nílé, ìlà lè ga díẹ̀.

Ìlà kì í sì í ṣe òkúta. A lè sún un. Títí di 2014, aláìsàn 5 nínú 100,000 lọ́sẹ̀ kan ni ìlà ìkìlọ̀ yírunyírun. Ní ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sí 3, wọ́n sì sọ ti àjàkálẹ̀ kalẹ̀ láti 15 sí 10. Kí ló fà á? Láti 2010 ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun ti dé, tí aláìsàn sì dín kù gidigidi. Ìlà àtijọ́ wá ga jù fún ayé tuntun. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti dàgbà kì í tún dá sòkòtò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn fún un. Lọ́dọọdún ni kí a máa yẹ ìlà wa wò.

ÒFO KÌ Í ṢE 0

A fẹ́ kí ẹ di èyí mú ṣinṣin. Ká ní ilé ìlera mẹ́ta ló yẹ kó mú ìwé wá lọ́sẹ̀ yìí. Èkíní kọ 2. Èkejì kọ 0. Ẹ̀kẹta kò kọ nǹkan kan, òfo ni. Ṣé bákan náà ni 0 àti òfo? Rárá o! Ẹni tó kọ 0 wí pé, "Mo wò, n kò rí." Ẹni tó fi í sílẹ̀ lófo kò wí nǹkan kan. Bóyá kò sí àìsàn lọ́dọ̀ rẹ̀. Bóyá aláìsàn kún ibẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò ráyè kọ ìwé. Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Bí kọ̀ǹpútà bá ka òfo sí 0, á ní gbogbo nǹkan dára, agogo á sì dákẹ́ lórí iná.

Nítorí náà, ìdákẹ́jẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní agogo tirẹ̀. Ilé ìlera tí kò bá mú ìwé wá, kí a pè é, kí a bèèrè.

Àwọn tó ń ṣọ́ rọpárọsẹ̀ mọ ọgbọ́n yìí dáadáa. Ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ló lè mú ẹsẹ̀ ọmọ rọ, tí kì í ṣe rọpárọsẹ̀. Wọ́n ti mọ̀ pé nínú 100,000 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15, ó kéré tán, 1 gbọ́dọ̀ wà lọ́dún tí irú rẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀ sí. Bí àgbègbè kan bá wá ní, "Àwa kò rí ọ̀kankan," wọn kì í yọ̀. Wọ́n á ní, "Ojú yín ti di." Agogo á dún nítorí pé nọ́ńbà kéré jù! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣọ́ ọ títí tí a fi kéde ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ 2020 pé rọpárọsẹ̀ àdáyébá ti tán ní ilẹ̀ Áfíríkà, tí Nàìjíríà sì wà nínú rẹ̀.

BÍ AGOGO BÁ DÚN, TA NI YÓÒ DÌDE?

Agogo tí kò lólùgbọ́ kò wúlò. Kí a tó fa ìlà, a gbọ́dọ̀ ti kọ orúkọ ẹni tí yóò gbọ́ sílẹ̀, àti ohun tí yóò ṣe. Bí kò bá gbé fóònù ńkọ́? Kí orúkọ ẹnì kejì tẹ̀ lé tirẹ̀. Bí a bá ní kí gbogbo ènìyàn gbọ́, olúkúlùkù á rò pé ẹlòmíràn ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí a rán yín létí ọ̀rọ̀ ṣànpọ̀nná. Ní oṣù Kejìlá 1966, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, William Foege, wà ní ìhà Ogoja ní ìlà oòrùn Nàìjíríà. Oògùn àjẹsára tó wà lọ́wọ́ kò tó fún gbogbo ènìyàn. Ó lo rédíò àwọn míṣọ́nnárì, ó ní kí olúkúlùkù rán ènìyàn sí àwọn abúlé tó yí i ká, kí wọ́n bèèrè ibi tí ṣànpọ̀nná wà. Láìpẹ́, ó mọ ibi tó wà. Ibẹ̀ nìkan àti àyíká rẹ̀ ni wọ́n fún ní àjẹsára, iná náà sì kú. Ní 1970 ni a rí aláìsàn ṣànpọ̀nná ìkẹyìn ní Nàìjíríà. Ní 1980, a kéde pé ó ti tán láyé. Oògùn ló pa á, ṣùgbọ́n ìròyìn tó yá ló júwe ibi tí oògùn yóò lọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Àwọn ènìyàn wa máa ń fi àìsàn pamọ́. Wọ́n ń bẹ̀rù pé aráàlú á yẹra fún ilé wọn, pé kò sẹ́ni tí yóò ra ọjà wọn mọ́. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe ẹ̀sùn. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ó máa ròyìn, ẹ di ẹnu yín mú. Orúkọ aláìsàn, ilé ìlera ló wà fún, kì í ṣe fún ojúde ọjà. Bí a bá fi ìròyìn dójú ti ẹnì kan, ẹni tó kàn kò ní sọ tirẹ̀, ìlà wa gbogbo á sì di asán.

BÍ ẸGBẸ́ YÍN ṢE LÈ BẸ̀RẸ̀

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀bí, àwọn oníṣègùn, àwọn oníkẹ́mísì àti àwọn tíṣà wà nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni aláìsàn kọ́kọ́ ń lọ. Lẹ́yìn náà:

1. Ẹ kọ ohun tí ẹ ó máa kà. Kí gbogbo yín mọ àmì rẹ̀ bákan náà. "Ìgbẹ́ olómi tó tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́" dára ju "inú rírun" lọ.

2. Ẹ kọ ibi tí ẹ ń ṣọ́ àti ọjọ́ tí ẹ fi ń kà á. Ọjà wa lè máa ná ní ọ̀rúnọ̀rún; ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, ó parí ní Sọ́ńdè. Ẹ lo tiwọn, kí nọ́ńbà yín lè bá tiwọn mu.

3. Ẹ bèèrè iye àtẹ̀yìnwá lọ́wọ́ ilé ìlera yín.

4. Ẹ jẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìlera bá yín fa ìlà. Ẹ má dá a fà. Àrùn tí ìlà rẹ̀ jẹ́ 1, ẹ kọ ọ́ sójú ìwé àkọ́kọ́.

5. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni méjì tí ẹ ó pè.

6. Ẹ dán an wò kí àrùn tó dé. Ẹ pe nọ́ńbà náà lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan kan. Ṣé ó gbé e? Ṣé ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe? Bí kò bá mọ̀, inú yín yóò dùn pé òní ni ẹ mọ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ ikú.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ kọ iye. Bí kò bá sí, ẹ kọ 0. Ẹ má fi í sílẹ̀ lófo.

Bí aláìsàn bá dùbúlẹ̀, ẹ má dúró ti ìwé o. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá, ìbáà ṣe èyí tó wà ládùúgbò, ìbáà ṣe ilé ìwòsàn ńlá ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó. Ìwé á tẹ̀ lé e.

Ẹ̀yin ará wa, nígbà tí ẹ kò tíì mọ̀wé, ẹnu nìkan ni ẹ fi ń ròyìn. Ẹnu dára, ṣùgbọ́n ẹnu ń gbàgbé, ẹnu sì ń bù kún ọ̀rọ̀. Ìwé kì í gbàgbé. Nọ́ńbà tí ìyá kan kọ ní Ìtàpájì lóru lè dé Àbújá kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kejì. Ẹ máa kọ ọ́, kí agogo lè dún nígbà tó yẹ.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́

Kí ni ìyàtọ̀ láàrin 0 àti òfo?
Èéṣe tí ìlà ibà Lásà fi jẹ́ 1, tí ti ibà ẹ̀fọn kò fi rí bẹ́ẹ̀?
Ẹ to àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí láti kékeré sí ńlá, kí ẹ sì mú èyí tó ṣe ìkẹrin: 33, 28, 45, 39, 30.
Ta ni ẹ ó pè bí ẹsẹ̀ ọmọ kan bá ṣàdédé rọ ládùúgbò yín lálẹ́ òní?